Alágbàtà orin ìjìnlẹ̀: ṣé oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olórin. Mo lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Alágbàka, ní Àkúrẹ́ níbí, ní Sátidé tó kọjá. Bí ìyàwó ṣe ń wọlé, ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí tẹ "Hallelujah" tí Handel kọ lórí kíbọ́ọ̀dù, onígángan méjì sì gbè é lẹ́yìn. Ó gé orin náà kù sí nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ọdún mẹ́rin ni èmi fi kọ́ orin ní Ondo. Mo kọ́ bí a ṣe ń to ohùn mẹ́rin, mo kọ́ bí a ṣe ń kọ fúgù, orin tí ohùn kan ń bẹ̀rẹ̀, tí àwọn yòókù ń gbé e tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dìde rí nígbà tí mo bá ń tẹ dùrù. Lójú tèmi, alágbàtà orin ìjìnlẹ̀ àwọn òyìnbó lásán ni irú wọn, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ yẹn títí dé orí André Rieu, ará Netherlands tó ń ta fáólíìnì, tí gbogbo ayé ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹlòmíràn ló ṣiṣẹ́, àwọn ló ń tà á. Ṣé ó yẹ kí á máa pè wọ́n ní oníṣẹ́ ọnà? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ má ṣègbè.

* * *

ÈSÌ

Láti 1998 ni mo ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni, oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n, ó sì yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ máa ń gbọ́.

Ohun tí mo máa ń gbọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin kò ju méjì lọ. Àwọn kan á ní ẹni tí kò lè kọ orin tirẹ̀ kò ní ọ̀wọ̀ kankan láti gbà, gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà ṣe wí. Àwọn kejì á ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ṣebí àwọn ló ń mú èrò wá." Ó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà, àmọ́ orí èrò ni àwọn méjèèjì ń kà. Ẹni àkọ́kọ́ ń bínú pé èrò pọ̀, ẹni kejì ń yọ̀ pé èrò pọ̀. Ta ló fetí sí ohun tí ọmọ náà tẹ̀?

Ọ̀rọ̀ alágbàtà yẹn pàápàá kò bá wọn mu. Alágbàtà tí a mọ̀ ní Ọjà Ọba, òun ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Àwọn wọ̀nyí ń sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ bú wọn, ẹ wá orúkọ mìíràn.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé, "Ṣé ẹ wá fọwọ́ sí i kí wọ́n máa lu gángan sínú orin Handel ni?"

Mo fọwọ́ sí i. Ní 1741 ni Handel kọ Messiah, iṣẹ́ ńlá tí Hallelujah wà nínú rẹ̀, ní London, ní ìlú Dublin ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kẹrin 1742. Handel kú ní 1759. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1789, Mozart, ọ̀gá olórin ní Vienna, gbé iṣẹ́ yìí kan náà, ó fi èdè Jámánì kọ ọ́ fún àwọn ará Vienna, ó fi kilarinẹ́ẹ̀tì àti àwọn fèrè mìíràn kún un, nítorí irú ohùn tí etí wọn mọ̀ nígbà náà nìyẹn. Handel kò fi kilarinẹ́ẹ̀tì sí i. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Mozart ní alágbàtà. Bí ó bá tọ́ kí ará Vienna gbọ́ Handel pẹ̀lú ohun èlò ìlú rẹ̀, ó tọ́ kí ará Àkúrẹ́ náà gbọ́ ọ pẹ̀lú gángan.

Ó kù síbi kan. Mo ti wo fídíò ìgbéyàwó náà tí o fi ránṣẹ́, mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ yẹn ṣe dáadáa ná. Níbi tí ohùn òkè ti ń fa "Ọba àwọn ọba" gùn, tí àwọn ohùn yòókù ń já lù ú pé "títí láéláé", kíbọ́ọ̀dù ló gbé ohùn gígùn yẹn, ó sì fi ìdáhùn lé àwọn onígángan lọ́wọ́. Gbogbo sílébù "títí láéláé" ohùn òkè ni, gángan sì lè wí i kedere láìsí pé ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n wí i. Ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá nínú gbọ̀ngàn yẹn ló gbọ́ ọ. Kì í ṣe àṣìṣe ló gbé e débẹ̀, ọmọ yẹn mọ ohun tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú orin náà kó tó pín in fún ìlù.

Níbo ló wá ti ṣubú? Ní ìparí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ rí mọ̀ pé Hallelujah a máa yára tẹ̀ lé ara wọn, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Ìdákẹ́ pátápátá. Akọrin kì í mí, dùrù kì í dún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Hallelujah ìkẹyìn á wá wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló gbé gbogbo orin náà ró. Ọmọ yẹn jẹ́ kí àwọn onígángan máa lù lọ níbẹ̀. Ó dí ihò náà pa. Nígbà tí Hallelujah ìkẹyìn wọlé, kò rí ibi tí yóò ti dé.

Ọ̀wọ̀ tí mo ń sọ nìyí. Mo fetí sí iṣẹ́ rẹ̀ débi pé mo lè tọ́ka sí ibi tó ti dára àti ibi tó ti bàjẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "alágbàtà ni, ẹ fi í sílẹ̀", ẹ kò gbọ́ ìdákẹ́ tó sọnù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "ṣebí èrò dìde", ẹ̀yin náà kò gbọ́ ọ.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ gígé. Ọ̀pọ̀ ló ní gígé lọ́rùn ni gígé orin jẹ́.

Ní oṣù kẹta 1829, ní Berlin, Mendelssohn, olórin ará Jámánì, darí iṣẹ́ ńlá tí Bach kọ lórí ìjìyà Jésù gẹ́gẹ́ bí Mátíù ṣe kọ ọ́. Ọmọ ogún ọdún ni. Bach ti kú láti 1750, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níjókòó lọ́jọ́ náà kò sì gbọ́ iṣẹ́ yẹn rí. Mendelssohn gé púpọ̀ nínú àwọn orin àdákọ kúrò, nítorí kò rò pé wọ́n lè fara da gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ yẹn wà lára ohun tó mú Bach padà sétí gbogbo ènìyàn. Àwa tí à ń kọ Bach ní Àkúrẹ́ lónìí jẹ ẹni tó gé e ní gbèsè.

Bí ìyẹn bá jìnnà, ẹ jẹ́ kí á wá sílé. King Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba Ondo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àwo rẹ̀ àtijọ́ nílé mọ̀ pé ojú kan àwo lè jẹ́ orin kan ṣoṣo, láìsí ìdádúró, ìlù á máa sọ̀rọ̀, gìtá á máa dáhùn, oríkì á wọlé, òwe á wọlé. Ní 1982 ó ṣe àwo kan fún àwọn aláwọ̀ funfun, Juju Music ni wọ́n pè é, orin méje ló wà lórí rẹ̀. Ó gé jùjú fún ẹni tí kò gbọ́ èdè, tí kò sì lè jókòó ti orin kan bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ṣé jùjú kú? Ẹ gbọ́ bí gìtá Hawaii ṣe ń yọ́ gba àárín ìlù kọjá lórí àwo yẹn. Ó mọ ohun tó lè yọ kúrò tí ilé kò ní wó.

Bí iṣẹ́ télọ̀ ni. Bí ó bá gé aṣọ òkè bàbá ẹ fún ọmọ ẹ, tó sì jẹ́ kí ọnà rẹ̀ bọ́ sójú àyà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, o máa dúpẹ́. Bí ó bá gé e la ọnà náà láàárín, o máa bínú. Sísáàsì kan náà ni. Ìwọ tó bèèrè, o ní ó gé e kù sí ìṣẹ́jú méjì. O kò sọ ibi tó ti gé e. Ibi tó ti gé e ni ìbéèrè.

Àwa tí à ń kọ Messiah nílé ìjọsìn lọ́dọọdún ńkọ́? Mélòó nínú wa ló ti kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Apá Kérésì là ń kọ, a ó fò lọ bá Hallelujah tí Handel fi sí ìparí apá kejì, a ó sì lọ jẹ ìrẹsì. Àwa náà ń gé e.

* * *

Ìyá kan nínú àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí ní kí n má gbàgbé pé irú wọn ni ilẹ̀kùn tí àwọn ọmọdé máa gbà wọlé sínú orin ìjìnlẹ̀. Ìyá mi, ẹ ṣeun. Èmi náà gba èyí gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún kan, a ṣe àjọ̀dún orin Kérésì pẹ̀lú ìlù, fèrè, àwọn ọmọ tó ń jó, àti àwọn orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn kan dúró síta lójú fèrèsé nítorí àga kò tó. Inú mi dùn gan-an. A pín ìwé ìpè fún gbogbo wọn pé ní àsìkò Lẹ́ńtì, a ó kọ Bach, gbogbo wọn ní àwọn á wá. Mo gba dùrù tó sàn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, a fi oṣù méjì ṣe ìdánrawò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ka àwọn tó jókòó. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, mẹ́sàn-án nínú wọn sì jẹ́ ọkọ tàbí aya akọrin.

Ó dùn mí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ràn orin Kérésì wa fẹ́ràn orin Kérésì wa ni. Inú yàrá tó fẹ́ wà ló ti wà. Kò rò pé òun wà lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé torí pé olórin ń mú èrò wá fún wa nìkan la ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un, ọjọ́ tí èrò kò bá wá ni ọ̀wọ̀ á tán. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀, gbèsè là ń kọ sí i lọ́rùn. Iṣẹ́ tó ṣe lọ́jọ́ náà ni kí á wò. Ṣé orin náà dúró? Ṣé ó mọ́ létí? Ṣé ó kan ẹni tó gbọ́ ọ?

* * *

Ìwọ tó bèèrè tún kọ̀wé pé, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ wọn rọrùn."

Rárá. Mo ti dán an wò.

Ní 2009, ẹbí kan ní Ondo pè wá síbi ìsìnkú ìyá wọn tó gbó tó tọ́. Wọ́n ní orin ìjìnlẹ̀ ni àwọn fẹ́, nítorí ìyá náà jẹ́ akọrin nígbà ayé rẹ̀, àmọ́ kí ó jẹ́ èyí tí àwọn lè fi jó. Mo mú áńtẹ́ẹ̀mù ohùn mẹ́rin kan tí a ti kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì tún un tò, mo fi ìlù sí i. Lọ́jọ́ náà, àwọn akọrin mi kọ ọ́ dáadáa, ìlù ń dún, kò sì sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò wá pẹ̀lú sùúrù.

Nígbà tí a sinmi, bàbá onígángan tí ẹbí náà pè, tí kò fojú kan ìwé sófà (orin tí a fi dò-rè-mì kọ) rí, sún mọ́ mi. Ó ní, "Ọ̀gá, kí ni ẹ fẹ́ kí n wí?" Mo ní kó máa tẹ̀ lé orin. Ó ní, "Mò ń tẹ̀ lé e. Ẹnu yín ń wí pé ìgbàlà, orin yín kò wí bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ni ìgbàlà. Orin tí mo mú wá ń gòkè bí ẹni ń gun àkàbà ní ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn wà. Ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ lè ka ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó fẹ́ jó kò gbọ́ nǹkankan. Bàbá náà kọ́ mi ní lílé tuntun fún ìlà yẹn, tó wálẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀. Ó ní kí ohùn kan ṣoṣo máa lé e, kí ohùn mẹ́rin mi máa gbè é, kí n má tò wọ́n lé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Nígbà tí a padà wọlé, àwọn ọmọ olóòkú dìde, àwọn àna dìde, ohùn mẹ́rin mi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìtò rẹ̀.

Kì í ṣe ìṣòro tèmi nìkan. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó láti 1914 títí di 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún jà lórí rẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ó rí i pé àwọn orin òyìnbó tí a kàn lẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́ ń yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu akọrin. Ṣáájú rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ń kọ orin ìsìn tó bá ohùn Yorùbá mu, débi pé ní 1922 wọ́n gba orin rẹ̀ sílẹ̀ sórí àwo ní London. Kí ni kí á pe àwọn wọ̀nyí? Wọ́n ń mú ohun tó ga wá síbi tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn ti lè tó o. Iṣẹ́ kan náà ni pẹ̀lú ti ọmọ Alágbàka yẹn, bí ọgbọ́n wọn tilẹ̀ jinlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ.

* * *

André Rieu, ní kúkúrú. Mi ò kì í jókòó gbọ́ ọ pẹ́, adùn rẹ̀ máa ń pọ̀ jù fún mi, gbogbo nǹkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1987 ń jẹ́ orúkọ Johann Strauss, orin ijó sì ni Strauss kọ. Àwọn ènìyàn fi jó ní Vienna nígbà ayé rẹ̀. Ẹni tó bá ní Rieu sọ Strauss di orin òde àríyá, òde àríyá ni ó ti wá.

Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin ìjìnlẹ̀, sì rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ orin ní Ondo mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ní London, ní àwọn ọdún 1930, ó ń tẹ dùrù fún àwọn oníjó nílé ìgbafẹ́ lálẹ́. Ní 1944 ó kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn, apá ìkẹyìn rẹ̀, "Akinla", wá láti inú orin háiláìfù. Rédíò ní Kánádà sì fi "Akinla" ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò kan. Ọwọ́ tó ń tẹ orin ijó lálẹ́ ló kọ ìyẹn. Mi ò mọ ibi tí ẹ máa gbé ògiri yín gbà láàárín ọkùnrin kan náà.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ̀rọ̀ owó náà, nítorí ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ kọ. Nínú ìjọ kan tí mo ti sìn tẹ́lẹ̀, ogójì akọrin ló fi oṣù mẹ́ta múra fún ayẹyẹ kan, wọ́n fún wa ní ìrẹsì inú ike. Ẹni tó wá tẹ kíbọ́ọ̀dù níbi àsè lẹ́yìn ìsìn gba owó tó tó ná fún oṣù kan. Ó bí mi nínú, ó sì tọ́ kó bí mi nínú. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé ìrẹsì lé wa lọ́wọ́ ló yẹ kí n bínú sí. Ẹni tó tẹ kíbọ́ọ̀dù kò jí nǹkankan wa. Ìwọ tó bèèrè, o ní kò sẹ́ni tó dìde fún fúgù rẹ. Ó dùn mí fún ọ, mo mọ ohun tí fúgù ń gbà lára ènìyàn. Má ṣe di ẹrù yẹn lé ọmọ yẹn lórí.

* * *

Mo ti rí ọmọ náà. Ẹni tó bá mi wá a kàn án ní Òkè-Àró, mo ní kó wá síbi ìdánrawò wa ní Ọjọ́bọ̀. Ó rò pé a fẹ́ bá a jà ni, ó dúró sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi ìdákẹ́ yẹn hàn án nínú ìwé. Kò ka sítáàfù, orin tí a fi àmì kọ sórí ìlà márùn-ún, sófà ló mọ̀, etí ló fi kọ́ gbogbo orin náà láti inú fídíò, ó sì ní nínú èyí tí òun gbọ́, àtẹ́wọ́ àwọn ènìyàn ti bo ibẹ̀. A kọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìdákẹ́ náà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lára tábìlì tó fi ń lu ìlù. Ó ní kí a tún un kọ.

Ó bi mí pé báwo ni òun á ṣe mú kí onígángan méjì dákẹ́ lójú èrò tó ń náwó. Mi ò ní ìdáhùn, mi ò tíì dúró níwájú irú èrò bẹ́ẹ̀ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní bóyá kí ìyá ìlù wí gbólóhùn kan ṣáájú, kí wọ́n mọ̀ pé ó ti tó. Ó máa dán an wò níbi ìgbéyàwó kan ní Ìjàpọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo máa lọ gbọ́ ọ.

Ẹni tó bèèrè ibi tó ti lè rí ìwé Messiah: ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ ti parí tipẹ́, o lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí IMSLP, ibi tí wọ́n ń kó ìwé orin jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Sítáàfù ni. Ẹni tó bá fẹ́ sófà Hallelujah, kó kọ̀wé sí mi, mo ní èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ fún àwọn áàtò àti tẹ́nọ̀. Mo ti fi bírò pupa yí ìdákẹ́ náà ká.